Ọmọ ìbílẹ̀, olùgbé, ọmọ Nàìjíríà: èwo ni tiyín nígbà tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù síwájú yín?

Ọmọkùnrin kan wà ní Ìṣọ́kùn níbí, ní Iléṣà, tóun àti bàbá ẹ̀ jọ ń ta páàtì mọ́tò. Íbò ni wọ́n, Ebonyi ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Iléṣà ni wọ́n bí ọmọ yẹn sí, ibí ló ti lọ jẹ́léósinmi, ibí ló ti ṣe WAEC, tó bá ń fi Ìjẹ̀ṣà bá àwọn mẹkáníìkì nájà tí ẹ ò sì rí ojú ẹ̀, ẹ máa búra pé ọmọ Òkèṣà ni. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi, iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ló ń kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá há síbì kan.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Wọ́n béèrè state of origin, wọ́n tún béèrè state of residence. Ṣé n lè kọ Ọ̀ṣun síbi méjèèjì? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Ebonyi láyé mi."

Mo ní kó fa àga jókòó. Tíṣà Government ni mí, ọdún 16 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní kọ́ńsítúṣọ̀n ilẹ̀ yìí, síbẹ̀ ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀ yẹn gbà wá ní wákàtí kan gbáko, torí kì í ṣe ìbéèrè kan, ìbéèrè bíi mẹ́rin ló lọ́ mọ́ra wọn. Àtọjọ́ yẹn ni mo ti ń rò ó pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí kò ṣe yé ọmọ Íbò yẹn náà ni kò yé àwa tá à ń pe ara wa ní onílé.

Irú ọmọ yìí ni òyìnbó ń pè ní minority, àwọn tó kéré níye. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ "àwọn tó kéré níye" fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀, orí kíkà ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Orí kíkà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó. Ẹ lọ sí Ọjà Àtákúnmọ́sà láàárọ̀ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá obìnrin kéré níye nílùú yìí. Ṣùgbọ́n nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà l'Ábújá, nínú àga 109, obìnrin 4 péré ló jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìbò 2023 àti ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà nídìí iṣẹ́ àti nídìí òfin, ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹni tó kéré ni ẹni tí wọn ò wo tiẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìlànà, orí ẹ̀ ì báà pọ̀ bí eérú.

Nǹkan kejì tó máa ń dàrú mọ́ wa lójú ni pé a rò pé àwọn kan ni wọ́n dá láti máa kéré, tí àwọn kan sì ń pọ̀ títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tó o dúró sí ló ń sọ ẹ́ di kékeré. Ẹ jẹ́ n fi àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe àpẹẹrẹ, torí bàbá bàbá mi wà nínú ẹ̀.

Òṣómàáló ni bàbá àgbà. Àwọn ọmọdé ìsinsìnyí gbọ́ orúkọ yẹn gẹ́gẹ́ bí oríkì lásán, iṣẹ́ ni o. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ti máa ń ru aṣọ kúrò nílé, wọ́n á gbé e dé abúlé tí kò ní ọjà aṣọ, wọ́n á tà á láwìn, ẹni tó rà á á máa san án díẹ̀díẹ̀. Tí ọjọ́ owó bá pé tí ẹni tó jẹ wọ́n bá ń sọ ìtàn, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, á ní "Òṣó ni màá ló títí n óò fi gbowó mi." Orúkọ dé nìyẹn. Wọ́n rìn dé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn míì ré kọjá Odò Ọya. Kò síbi tí wọ́n dé tí wọn kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Wọn ò ní ilẹ̀ níbẹ̀, wọn ò lè jẹ oyè níbẹ̀, wọn ò mọ ẹnì kankan láàfin, àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn náà ló tún ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀ṣà fẹ́ràn owó. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ń gbé pọ̀ nínú ilé kan náà, wọ́n ń dá èsúsú láàárín ara wọn, ẹni tó dé tuntun ń bá ẹni tó ti pẹ́ gbé aṣọ títí á fi dá dúró, wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbi gbogbo.

Mo sọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí pé báwo ni Íbò ṣe gba gbogbo páàtì mọ́tò, báwo ni Hausa ṣe wà nídìí gbànja àti màlúù, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń dìtẹ̀ ni. Kò sí ọ̀tẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ ò jẹ́ tiẹ̀ kò lè gbin kòkó tó máa so lẹ́yìn ọdún márùn-ún, torí wọ́n lè ní kó kúrò lọ́la. Ẹni tí kò ní fọwọ́ gba iṣẹ́ káńsù, tí kò lè retí oyè, gbogbo ọgbọ́n àti owó tó ní, inú ọjà tó ṣeé dì sápò ló máa kó o sí, ọjà tó ṣeé gbé sá. Àti pé báǹkì ò mọ̀ ọ́n, kò ní ilé tó máa fi dúró, àwọn ará ilé ẹ̀ nìkan ló lè yá a lówó, torí náà àwọn ará ilé ẹ̀ náà ló máa kọ́ níṣẹ́. Bọ̀ì tó bá sin ọ̀gá ẹ̀ dáadáa fún iye ọdún tí wọ́n jọ fẹnu kò sí, ọ̀gá á dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un, onítọ̀hún náà á tún gba bọ̀ì tiẹ̀. Ìran méjì péré, ọjà kan á ti kún fún ará ìlú kan. Ohun tí àwọn Òṣómàáló ṣe gan-an nìyẹn, Iléṣà ló kàn jìnnà síbi tí wọ́n ti ṣe é ni a ò fi rí i pé ọ̀kan náà ni.

Ká má tan ara wa, ibi tí èèyàn bá ti ń ṣe dáadáa láìjẹ́ onílé, ibẹ̀ náà ni ojú ti ń pọ́n sí i. Lóṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ jọjọ, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Èjìgbò, Ìnísà, oníṣòwò ni wọ́n, àwọn míì ti bímọ bí ọmọ ọmọ sí Kumasi, wọ́n padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Nígbà tó sì di oṣù kìíní 1983, àwa náà ṣe é fún àwọn Gánà, débi pé báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ń jẹ́ Ghana Must Go títí dòní. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, méjèèjì ni mo máa ń kọ́ wọn pa pọ̀, mi ò kì í kọ́ wọn ní ẹyọ kan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá wọ inú òfin, torí ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ọmọ yẹn wà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la máa ń pò pọ̀ bí ẹ̀wà àti àgbàdo. Àkọ́kọ́ ni ọmọ orílẹ̀-èdè, ìyẹn ọmọ Nàìjíríà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, olùgbé, ẹni tó ń gbébẹ̀ tó ń sanwó orí níbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ọmọ ìbílẹ̀, ẹni tí ìran ẹ̀ ti wá látibẹ̀. Ọmọkùnrin wa yìí, ọmọ Nàìjíríà ni pátápátá, olùgbé Ọ̀ṣun ni, ṣùgbọ́n ọmọ ìbílẹ̀ Ebonyi ni. Àǹfààní tó wà nídìí ẹni kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ síra.

Nǹkan tó máa yà yín lẹ́nu ni pé nínú kọ́ńsítúṣọ̀n 1999, kò síbì kan tí wọ́n ti túmọ̀ "ọmọ ìbílẹ̀", bẹ́ẹ̀ wọ́n lò ó. Abala 147 ló ní ààrẹ gbọ́dọ̀ mú mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Èyí tó sún mọ́ ìtumọ̀ jù ni abala 318, tó sọ ohun tó ń jẹ́ pé èèyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ìyá ẹ̀ tàbí bàbá ẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí òbí ẹ̀, jẹ́ ará àwùjọ tó jẹ́ ti ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn. Ẹ tún un kà o. Ìyá TÀBÍ bàbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìyá wọn jẹ́ Ìjẹ̀ṣà tí bàbá wọn wá láti ibòmíì ni wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà káńsù kan tàbí òmíì pé kí wọ́n lọ síbi tí bàbá wọn ti wá. Àṣà wa ló ní kí wọ́n lọ, òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lé yín, ẹ rọra dárúkọ abala 318 fún wọn, ẹ má bá wọn jà.

Sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́, ìwé tí lọ́kà gọ́fúmẹ́ǹtì ń fúnni yẹn? Kò sí orúkọ ẹ̀ nínú kọ́ńsítúṣọ̀n. Káńsù ló ń ṣe é, wọ́n á béèrè agboolé yín, wọ́n á ní kí olórí ẹbí tàbí baálẹ̀ fọwọ́ sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí lè yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní káńsù tó wà lódìkejì títì. Síbẹ̀ ìwé yẹn ni wọ́n máa ń béèrè níbi iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ sójà, sífíìlì sáfẹ́ǹtì, sìkọ́láṣíìpù. Ìwé tí òfin tó ga jù ò dárúkọ ẹ̀ ló wá di kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Kí ló fà á? Federal character ni, ìyẹn ìlànà pé kí wọ́n pín iṣẹ́ àti ipò ìjọba àpapọ̀ káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀. Ó wọ inú kọ́ńsítúṣọ̀n lọ́dún 1979, kọ́míṣọ̀n tó ń bójú tó o sì dé lọ́dún 1996. Èrò wọn ò burú: kí ẹ̀yà kan tàbí méjì má lọ kó gbogbo iṣẹ́ ìjọba mọ́wọ́, torí ẹ̀rù yẹn ló ń bà àwọn ẹ̀yà kéékèèké. Ìlànà tí wọ́n ń lò ni pé kí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdá 2.5 sí ìdá 3 nínú 100 níbi iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí Àbújá ní ìdá 1. Ẹ rí i pé ìpínlẹ̀ tó o ti ṣẹ̀ wá ni wọ́n ń kà, wọn ò ka ibi tó ò ń gbé. Torí náà tí ọmọ yìí bá kọ Ọ̀ṣun sí state of origin, wọ́n á bi í ní sátífíkéètì Iléṣà, kò ní agboolé tó máa dárúkọ, tó bá sì lọ wá ayédèrú, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, wọ́n lè lé e lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí wọ́n bá wo fáìlì ẹ̀. Mo ní kó kọ Ebonyi síbi àkọ́kọ́, kó kọ Ọ̀ṣun síbi kejì. Ojú ẹ̀ ṣú díẹ̀, àmọ́ ó kọ ọ́.

Àwa onílé náà, ká má rò pé ìpínlẹ̀ tí a ti ṣẹ̀ wá jẹ́ ohun tí Ọlọ́run kọ síwájú orí. Bàbá mi ni mo máa ń lò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n bí i ní Iléṣà ṣáájú òmìnira, ará Western Region ni. Lọ́dún 1967 wọ́n dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀, ó di ará Western State. Lọ́dún 1976 wọ́n pín in, ó di ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, ó jí, ó di ọmọ Ọ̀ṣun. Bàbá yìí ò kó ẹrù rí o! Agboolé kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba n'Íbàdàn nígbà yẹn lọ́rọ̀ náà le fún jù, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, ọmọ wọn wà níléèwé níbẹ̀, ó di dandan kí wọ́n dìde lọ sí Òṣogbo torí pé Ìbàdàn kì í ṣe ìpínlẹ̀ wọn mọ́. Òru kan péré ló sọ wọ́n di àlejò láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú wọn.

Ní Ilé-Ifẹ̀ ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n, ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ ló lé àwọn baba ńlá wọn dé ilẹ̀ Ifẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún ó lé sẹ́yìn. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ta ló nilẹ̀, ta ló yẹ kó san ìṣákọ́lẹ̀, ibo ni kí orílé-iṣẹ́ káńsù wà, ó dá ìjà sílẹ̀ láti 1997 títí wọ 2000, ẹ̀mí lọ, ilé jóná. Lóṣù kẹta 2017 bákan náà, ìjà bẹ́ ní Sábó Ilé-Ifẹ̀ láàárín Yorùbá àti Hausa, èèyàn kú, ìsọ̀ jóná. Mi ò sọ ọ́ láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, mo ní ẹbí nínú Ifẹ̀, mo ní àna ní Mọdákẹ́kẹ́. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè rí i pé tí òfin ò bá sọ ọjọ́ tí àlejò ń dẹ́kun láti máa jẹ́ àlejò, ìran mẹ́fà lè kọjá lórí ilẹ̀ kan kí ìbéèrè yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ míì, o bá gbé ibì kan fún iye ọdún kan, o di ará ibẹ̀, ó parí.

Ṣé ẹni tó kéré níye wá wà láìní ẹ̀tọ́ ni? Rárá o, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà.

Lọ́dún 1957, bí òmìnira ṣe ń sún mọ́lé, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ké gbàjarè. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ẹni tí wọ́n ń ké lé lórí níhìn-ín, àwa ni! Àwọn Ẹdó, Urhobo, Ijaw, àwọn tó wà nínú Western Region, wọ́n ní Yorùbá máa jẹ wọ́n run. Ní Northern Region ẹ̀wẹ̀, àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà ló ń sọ pé Hausa-Fúlàní máa jẹ àwọn run. Yorùbá kan náà, ibí la ti ń halẹ̀, ọ̀hún la ti ń sunkún. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ kan wá tí Henry Willink ṣe olórí ẹ̀, ìjábọ̀ wọn jáde lọ́dún 1958. Wọn ò gbà kí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú kọ́ńsítúṣọ̀n kí gbogbo èèyàn lè rí nǹkan dì mú. Mid-West wá kúrò lára West ní 1963 nígbà tó yá. Ẹ̀tọ́ tí gbogbo wa ń pariwo ẹ̀ lónìí, tí lọ́yà ń fi gba èèyàn jáde ní àtìmọ́lé, igbe àwọn tó kéré níye ló mú un wọlé.

Nínú ẹ̀tọ́ yẹn, abala 41 ní ọmọ Nàìjíríà lè gbé ibikíbi tó bá wù ú. Abala 43 ní ó lè ra ilẹ̀ àti ilé níbikíbi. Abala 42 ní òfin tàbí ìjọba kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí àwùjọ tó ti wá, ẹ̀yà ẹ̀, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, ẹ̀sìn ẹ̀, tàbí èrò ẹ̀ nípa òṣèlú. Ìbò ńkọ́? Ibi tó ò ń gbé lo ti ń forúkọ sílẹ̀. Kódà láti du ipò aṣojú tàbí gómìnà, ẹ ka abala 65, 106 àti 177, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ní o gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀. Nígbà kan rí, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Fúlàní kan láti Sókótó, Umaru Altine, ló jẹ méyọ̀ Enugu, àwọn Íbò ló sì dìbò fún un.

Torí náà nídìí òwò, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí oníṣọ́ọ̀bù mú sátífíkéètì ọmọ ìbílẹ̀ wá kó tó tajà, irọ́ ló ń pa. Owó orí, owó ṣọ́ọ̀bù, tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, iye tí ọmọ ìbílẹ̀ ń san ló yẹ kí àlejò san.

Àmọ́ abala 42 yẹn ní ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, mo sì máa ń rí i pé àwọn èèyàn ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á dáadáa, òfin àti ìjọba ló ń bá wí ní tààràtà. Lándílọ́ọ̀dù tó ní òun ò fẹ́ ẹ̀yà kan nínú ilé òun, ó ṣòro láti fi abala yẹn nìkan mú un. Tó bá jẹ́ níbi iṣẹ́, ọ̀nà ṣí díẹ̀: àtúnṣe kọ́ńsítúṣọ̀n ti 2010 mú abala 254C wá, ó gbé ẹjọ́ ojúsàájú níbi iṣẹ́ fún kọ́ọ̀tù àwọn òṣìṣẹ́, National Industrial Court, yálà ìjọba ló gbà ẹ́ síṣẹ́ tàbí kọ́ńpìnnì aládàáni. Ẹni tó bá sì ní kòkòrò HIV, òfin tiẹ̀ lọ́tọ̀ wà láti 2014, kò sí ọ̀gá tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fìyẹn lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Yunifásítì náà, kíákíá, torí àwọn òbí máa ń bi mí. Ní ti ìjọba àpapọ̀, bíi OAU n'Ífẹ̀, lórí ìwé, ìdá 45 nínú 100 jẹ́ ti máàkì, ìdá 35 jẹ́ ti catchment area, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ti agbègbè iléèwé náà, ìdá 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ ò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Catchment ti OAU ni Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Ògùn, Èkìtì àti Èkó. Ọmọ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀ náà. Ọmọ Íbò tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì OAU kò sí nínú catchment ẹ̀. Ní ti yunifásítì ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní owó iléèwé ti ọmọ ìbílẹ̀ lọ́tọ̀, ti àlejò lọ́tọ̀, bàbá àlejò yẹn sì ń san owó orí fún ìpínlẹ̀ kan náà. Èyí ò dáa lójú tèmi, mo máa ń sọ ọ́ níwájú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ obìnrin tó lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ará Èkìtì, ọdún 22 ló ti wà lọ́hùn-ún, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbẹ̀. Ìgbà tí ipò ńlá kan ṣí sílẹ̀, wọ́n ní ọmọ Ọ̀ṣun ni, kó lọ wá tiẹ̀ nílé bàbá ẹ̀. Ó wálé, wọ́n ní "Ìyàwó Èkìtì, ẹ ti lọ, ẹ ti jẹ́ tọ̀hún." Ìlànà federal character sọ pé obìnrin tó lọ́kọ ṣì lè lo ìpínlẹ̀ bàbá ẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ò ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ọkọ fún un. Lóṣù kẹta 2022 wọ́n gbé àbá kan lọ sílé aṣòfin kí obìnrin lè di ọmọ ìbílẹ̀ ibi tó fẹ́ ọkọ sí, wọ́n dà á nù. Àwọn obìnrin dúró sẹ́nu géètì l'Ábújá, ilé aṣojú ní àwọn máa tún un yẹ̀ wò, àmọ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe lọ́dún 2023, kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sún mọ́ rìtáyà báyìí.

Àwọn tí mo fẹ́ fi kún un, tí a kì í rántí tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ni àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹ padà wo abala 42: ẹ̀yà wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ tí kò ṣeé rìn, ojú tí kò ríran? Kò sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jà fún òfin tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni òfin àwọn aláàbọ̀ ara ti 2018, ààrẹ fọwọ́ sí i lóṣù kìíní 2019. Ó ní kí ibi iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó ní tí wọ́n bá wà lórí ìlà, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ iṣẹ́ dù wọ́n, owó ìtanràn tó máa san fún ẹni tó ṣẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦250,000, tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ₦500,000. Ó sì fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé lóṣù kìíní 2024.

Télọ̀ kan wà ládùúgbò wa, rọpárọsẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, orí kẹ̀kẹ́ ló wà. Ìyá yìí ń rán aṣọ ẹgbẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló ní. Báǹkì tó ń lò ní àtẹ̀gùn mẹ́rin níwájú, tó bá sì gòkè tán, ilẹ̀kùn bí ìgò tí èèyàn kan ṣoṣo ń wọ̀ ló máa bá, kẹ̀kẹ́ ò lè gbabẹ̀. Ìta ló máa ń wà nínú oòrùn, á rán ọmọ iṣẹ́ wọlé pẹ̀lú káàdì ẹ̀, á sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ létí. Kì í ṣe pé obìnrin yìí ò lówó, ilẹ̀kùn ni wọn ò fi tiẹ̀ ṣe. Nígbà tí mo sọ fún un pé òfin wà, ó ní "Tíṣà, ọdún mélòó lòfin ọ̀hún ti wà?" Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó ń yí ẹ̀rọ ẹ̀ lọ.

Ẹni tí wọ́n bá ṣe irú ẹ̀ fún, ẹ kọ lẹ́tà kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ẹ̀, ọjọ́ àti àkókò ṣe pàtàkì. National Human Rights Commission ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Fún àkàndá ẹ̀dá, kọ́míṣọ̀n tiwọn wà l'Ábújá tó ń bójú tó òfin 2018 yẹn. Èmi àti télọ̀ yẹn ti kọ tiẹ̀, a ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá báǹkì náà, wọ́n ní àwọn ti rí i gbà.

Ọmọkùnrin páàtì mọ́tò yẹn padà lọ sí Ebonyi lọ gba sátífíkéètì ẹ̀, ìgbà kẹta tó débẹ̀ nìyẹn. Ó ní bóun ṣe lanu sọ Íbò lọ́fíìsì yẹn, akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ó pè é ní onye Yoruba, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Wọ́n ṣáà fún un. Ó ti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, a ń retí èsì. Ọjọ́ tó dé, a tún jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀, ó ní kí n tún abala 318 yẹn kà fóun, mo kà á. Ó ní kí n tún ibi ìyá yẹn kà. Mo tún un kà.

"Bọ̀dá, ṣé ìyẹn ni pé tí mo bá fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ mi lè kọ Ọ̀ṣun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin gbà á. Kò sọ nǹkan kan mọ́, àmọ́ mo rí i tó ń wo ìsọ̀ kejì, níbi tí ọmọbìnrin kan láti Òkèṣà ti ń ta ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì.